Sátẹ́láìtì Tó Ń Wo Ìràwọ̀: Níbo Ni Iṣẹ́ Yunifásítì Parí Sí, Níbo Ni Ti Ilé-Iṣẹ́ Ti Bẹ̀rẹ̀?

Nígbà kan, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè gbé awò-awọ̀nàjíjìn lọ sí ojú òfurufú láìjẹ́ pé ìjọba orílẹ̀-èdè ńlá kan ló wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì lè ṣe olórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: yóò kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa wo ìràwọ̀ nínú ilé ìwádìí tirẹ̀, yóò ra èyí tó kù lára sátẹ́láìtì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fi kíkọ́ ọ ṣe òwò, yóò sì wá àyè fún un, nígbà mìíràn lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ẹrù àwọn ẹlòmíràn lọ. Owó ìjọba ṣì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń darí ti yí padà. Ọ̀nà yìí ni TESS ti Amẹ́ríkà àti CHEOPS ti ilẹ̀ Yúróòpù, sátẹ́láìtì méjì tó ń wo plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po, gbà dé òkè, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tuntun ń tọ̀. Ìròyìn nípa wọn sábà máa ń dá lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwòrán tó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpa ìtàn wọn dáadáa yóò rí i pé ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù kì í ṣe inú awò, kì í sì í ṣe orí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi tí iṣẹ́ yunifásítì ti pàdé ti ilé-iṣẹ́ ni: ta ló ni kí ni, ta ló máa sanwó bí nǹkan bá yí padà, ta ni yóò sì dáhùn bí sátẹ́láìtì bá dé òkè tí kò ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ọ̀nà méjì ni irú sátẹ́láìtì yìí pín sí. Apá kan ni ẹ̀rọ ìwádìí, èyí tí í ṣe awò, kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó ń ka ohun tí kámẹ́rà náà rí. Apá kejì ni ara sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀: egungun rẹ̀, bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba agbára oòrùn, rédíò tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà, àti àwọn ohun tó ń mú kó kọjú sí ibi tí a fẹ́. Yunifásítì ló sábà máa ń ṣe apá àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè tí iṣẹ́ náà fẹ́ dáhùn ti wá, àti nítorí pé àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè lo ọdún mélòó kan lórí ègé gíláàsì kan tàbí ohun kékeré kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí kò sí ní ọjà, títí wọn yóò fi mọ gbogbo ìwà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe irú sùúrù yẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó ń sanwó fún un láti ṣe é.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ní ni àṣetúnṣe. Wáyà tó ti so nígbà àádọ́ta, ó mọ bí a ṣe ń so ó kí ìmìtìtì rọ́kẹ́ẹ̀tì má baà já a. Ó ní yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń bo irun, ẹnu àti ọwọ́, tí wọ́n sì ń so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ kí iná tó fara pamọ́ sára ènìyàn má baà ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó ní àgbá irin ńlá tí wọ́n ti ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, tí wọ́n ń ti sátẹ́láìtì sí, tí wọ́n á sì máa mú un gbóná, tí wọ́n á tún máa mú un tutù, lọ́sàn-án lóru fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó máa bàjẹ́ nígbà tí ẹni tó máa tún un ṣe ṣì wà nítòsí. Ó tún ní àwọn ènìyàn tí wọ́n ti rí i tí nǹkan bàjẹ́ rí. Yunifásítì tó bá fẹ́ kó gbogbo èyí jọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí kò sì mọ ìgbà tí òmíràn tún máa dé, owó rẹ̀ yóò tán kó tó kan ìràwọ̀.

Bí a bá fojú yìí wò ó, pínpín iṣẹ́ náà dà bí ohun tó mọ́ gaara: kí ẹni tó mọ awò ṣe awò, kí ẹni tó mọ sátẹ́láìtì ṣe sátẹ́láìtì, kí wọ́n sì fi bóòtù so méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ohun tó sì fà á ni bí ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń wá ṣe kéré tó. Ẹ wo iṣẹ́ wíwá plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po. Bí plánẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú ìràwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà yóò dín díẹ̀. Bí plánẹ́ẹ̀tì náà bá tóbi tó Júpítà, tí ìràwọ̀ náà sì dà bí oòrùn wa, ohun tó máa dín jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé bí Ayé ni plánẹ́ẹ̀tì náà ṣe tó, ohun tó máa dín kò ju nǹkan bí ìdá 84 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Kámẹ́rà tó máa rí irú ìyàtọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ ara rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ojú kéékèèké tó wà lórí kámẹ́rà kọ́ ni agbára wọn dọ́gba. Bí sátẹ́láìtì bá mì díẹ̀, tí àwòrán ìràwọ̀ sì sún láti ojú kan bọ́ sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó dín, nígbà tó jẹ́ pé ibi tó bọ́ sí ni kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Plánẹ́ẹ̀tì tí kò sí yóò wá fara hàn, èyí tó wà yóò sì farasin.

Ohun tó ń mú sátẹ́láìtì dúró sójú kan wà lábẹ́ àkóso ilé-iṣẹ́. Nínú ara sátẹ́láìtì, àwọn wíìlì kéékèèké wà tí mọ́tò ń yí. Bí wíìlì kan bá yí sí ọ̀tún, sátẹ́láìtì yóò yí sí òsì díẹ̀díẹ̀, bí a bá sì yí wíìlì mẹ́ta tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a lè darí sátẹ́láìtì náà síbi tó bá wù wá láìlo epo kankan. Àwọn kámẹ́rà mìíràn tún wà, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wo àwọn ìràwọ̀ tí a ti mọ ipò wọn, kí kọ̀ǹpútà lè fi mọ ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí. Fún sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ tàbí tó ń gbé ìpè tẹlifóònù, wíìlì àti kámẹ́rà tó wà nínú ìwé ọjà ilé-iṣẹ́ ti tó. Fún awò ìràwọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tó. Wíìlì tó ń yí máa ń gbọ̀n díẹ̀, ìgbọ̀n náà á sì gba inú egungun sátẹ́láìtì dé orí kámẹ́rà. Irin tí oòrùn kàn yóò na díẹ̀, kámẹ́rà tó ń wá ọ̀nà àti awò tó ń wo ìràwọ̀ kò sì ní kọjú sí ibì kan náà mọ́. Nǹkan kékeré gbáà ni, ṣùgbọ́n ó ti tó láti ba iṣẹ́ ọdún márùn-ún jẹ́.

Bí wọ́n ṣe yanjú èyí lórí CHEOPS ló jẹ́ kí n sọ pé ààlà ni ọ̀rọ̀ wà. Yunifásítì Bern ní orílẹ̀-èdè Switzerland ló ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ awò rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà. Ilé-iṣẹ́ Airbus ní orílẹ̀-èdè Sípéènì ló kọ́ ara sátẹ́láìtì náà. Àwọn kámẹ́rà tó ń wá ọ̀nà, tí í ṣe ẹrù ilé-iṣẹ́, ni wọ́n gbé kúrò lára sátẹ́láìtì, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀rọ ìwádìí yunifásítì, kí méjèèjì lè máa na pọ̀, kí wọ́n sì máa súnkì pọ̀. Wọ́n tún ṣe é kí awò náà fúnra rẹ̀ máa sọ fún ara sátẹ́láìtì ibi tí ìràwọ̀ tó ń wò wà gan-an, kí sátẹ́láìtì lè fi tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ ká ronú lórí ohun tí ìpinnu yìí túmọ̀ sí nínú ìwé àdéhùn. Bí sátẹ́láìtì bá kọjú síbi tí kò yẹ, ẹ̀bi ta ni? Ti ilé-iṣẹ́ tó ni wíìlì ni, àbí ti yunifásítì tó ni kámẹ́rà tí wíìlì náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? TESS náà ṣe irú rẹ̀: àwọn kámẹ́rà mẹ́rin tí ilé ẹ̀kọ́ MIT àti ilé ìwádìí Lincoln tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe náà ló ń bá sátẹ́láìtì tí ilé-iṣẹ́ Orbital ATK kọ́ wá ọ̀nà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn rere kan ṣoṣo tó wà fún ìbéèrè yẹn ni pé kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti jọ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ní ìwọ̀n àti ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni tó gé irin.

Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ fún èyí gan-an. Gbogbo ohun tó kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ló wà níbẹ̀: iye wáyà iná, bóòtù mélòó àti ibi tí ihò wọn wà, bí ooru tó lè gba ibẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó, irú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kan yóò máa sọ fún èkejì àti ìgbà mélòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe ìwé tó dùn-ún kà. Síbẹ̀, bí a bá fún mi ní àǹfààní láti ka ìwé kan ṣoṣo kí n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan yóò yọrí sí rere, òun ni máa bèèrè, kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi tọrọ owó.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi hàn pé sátẹ́láìtì kékeré lè ṣe irú iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ yìí ni MOST ti orílẹ̀-èdè Kánádà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2003 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílógíráàmù 50 àti díẹ̀ lọ, awò rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 15. Jaymie Matthews ti Yunifásítì British Columbia ni olórí ìwádìí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dynacon àti ẹ̀ka ìmọ̀ òfurufú Yunifásítì Toronto ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Ṣáájú àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ gbà pé sátẹ́láìtì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró sójú kan, nítorí pé ohun tó fúyẹ́ ni nǹkan díẹ̀ ń tì ṣubú. Ohun tí Dynacon mú wá ni wíìlì kéékèèké tó lè darí ohun tó fúyẹ́ láìgbọ̀n ọ́n jù. Ohun tí yunifásítì mú wá ni ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe irú wíìlì bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là Kánádà ni gbogbo rẹ̀ ná wọn. Ní ọdún 2011, MOST rí plánẹ́ẹ̀tì 55 Cancri e bó ṣe ń kọjá níwájú ìràwọ̀ rẹ̀, plánẹ́ẹ̀tì tí ọdún rẹ̀ kò pé wákàtí 18. Bẹ́ẹ̀, ọdún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣètò pé kó lò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ nìkan ti tó, ó yẹ ká rántí Hubble, awò ńlá ti Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba ńlá ni ti òun. Ilé-iṣẹ́ Perkin-Elmer ló dán dígí rẹ̀, tó fẹ̀ ní mítà 2.4. Wọ́n dán an dáadáa, àfi pé ìrísí tí kò tọ́ ni wọ́n dán an sí. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìrísí dígí náà, lẹ́ńsì kan fi mílímítà 1.3 kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ ni pé etí dígí náà tẹ́ ju bó ti yẹ lọ ní nǹkan bíi máíkírómítà 2.2, ohun tí kò tó ìdá kan nínú ogún fífẹ̀ irun orí ènìyàn. Nígbà tí awò náà dé òkè ní ọdún 1990, àwòrán rẹ̀ kò já gaara. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí Lew Allen ṣe olórí rẹ̀, wá rí ohun kan tó burú ju àṣìṣe náà lọ: àwọn ìdánwò mìíràn tí wọ́n ṣe nínú ilé-iṣẹ́ náà ti fi hàn pé nǹkan kan kò tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ka ẹ̀rọ ìdánwò wọ̀nyẹn sí èyí tí kò péye, wọ́n sì gba ti èyí tó ní lẹ́ńsì tó ṣí kúrò náà gbọ́. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ ju bó ti yẹ, owó sì ti ń tán. Àwọn tó lè bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ kò sún mọ́ ibi iṣẹ́ náà tó. Oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tó lọ bá a lókè tó tún ojú rẹ̀ ṣe. Sátẹ́láìtì kékeré kò ní ẹni tó máa lọ bá a lókè. Ìdí nìyí tí yunifásítì tó gbọ́n fi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn ènìyàn tirẹ̀ yóò wà níbi ìdánwò, wọn yóò sì rí gbogbo nọ́ńbà, títí kan èyí tí ilé-iṣẹ́ gbà pé kò ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, òun ló sì ń fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to tó pọ̀ jù. Àwọn àjọ tó ń sanwó ti ń fi òté sí iye tí wọ́n lè ná. Àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù, ESA, fi mílíọ̀nù 50 owó Yúrò ṣe òté ìpín tirẹ̀ lórí CHEOPS. NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, fi mílíọ̀nù 200 dọ́là ṣe ti TESS, láìka owó rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Lábẹ́ ètò tí NASA ń pè ní Pioneers, iye náà kò ju mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Bí òté bá ti wà báyìí, ohun tí yunifásítì máa ń fẹ́ ni kí ilé-iṣẹ́ dá iye kan tí kò ní yí padà. Ilé-iṣẹ́ lè gbà, ṣùgbọ́n lórí pé ohun tó ti ń tà tẹ́lẹ̀ ni yunifásítì máa rà, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀. Ní kété tí onímọ̀ ìràwọ̀ bá sọ pé òun fẹ́ kí wíìlì náà rọra gbọ̀n ju bó ṣe wà nínú ìwé ọjà lọ, tàbí pé kí bátìrì sún díẹ̀ nítorí ooru, ọjà ti di iṣẹ́ tuntun, owó tuntun sì ti dé. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ni kì í mọ̀ pé ohun tí wọ́n pè ní àtúnṣe kékeré túmọ̀ sí pé gbogbo ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe lórí sátẹ́láìtì mẹ́wàá àtẹ̀yìnwá kò kan tiwọn mọ́. Ní èrò tèmi, ìmọ̀ràn tó dára jù ni kí yunifásítì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ bá ara sátẹ́láìtì mu níbikíbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ó sì fi owó àtúnṣe pamọ́ de ibi kan tàbí méjì tí ìràwọ̀ kò ti ní gbà fún un.

Sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ CUTE jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe. Yunifásítì Colorado ló ṣe é, Blue Canyon Technologies, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan náà ní ọdún 2008, ló sì ṣe ara sátẹ́láìtì rẹ̀. Àpótí tí wọ́n fún àwọn onímọ̀ náà gùn, kò sì fẹ̀. Awò roboto tó máa wọ inú rẹ̀ yóò kéré jọjọ. Dípò kí wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ yí àpótí náà padà, àwọn fúnra wọn ló yí awò: wọ́n ṣe dígí onígun mẹ́rin, tó gùn ní sẹ̀ntímítà 20, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 8, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà ju ìlọ́po méjì ohun tí èyí tó rí roboto ìbá gbà lọ. Wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé Landsat 9, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀, láti máa wo bí afẹ́fẹ́ àwọn plánẹ́ẹ̀tì gbígbóná tó sún mọ́ ìràwọ̀ wọn jù ṣe ń sá lọ.

Àwọn ibì kan wà tí ààlà náà tilẹ̀ ti dàrú. Ẹ̀ka ìmọ̀ òfurufú Yunifásítì Toronto tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ tó ń kọ́ sátẹ́láìtì fún ẹni tó bá lè sanwó, bí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí. Òun ló wà nídìí BRITE, àwọn sátẹ́láìtì tí ẹ̀gbẹ́ wọn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 sẹ̀ntímítà, tí Kánádà, Austria àti Poland jọ gbé lọ láti ọdún 2013 láti máa wo àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù. Òun ni wọ́n sì tún gbé ara sátẹ́láìtì Aspera fún, iṣẹ́ kan lábẹ́ ètò Pioneers tí Yunifásítì Arizona ń darí. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un, ẹni tó ń tà jẹ́ yunifásítì, ẹni tó ń rà jẹ́ yunifásítì, síbẹ̀ ìwé ààlà iṣẹ́ náà kò tìtorí ìyẹn dín ní ojú ewé kan.

Òfin náà ń fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Amẹ́ríkà ka ọ̀pọ̀ ìmọ̀ nípa sátẹ́láìtì sí ohun tí kò gbọ́dọ̀ dédé dé ọwọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Yunifásítì kún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo àgbáyé, ó sì máa ń fẹ́ tẹ ohun tó bá rí jáde. Ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀ ń pa àwòrán-iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí òfin àti nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún kámẹ́rà kan kò ní lè wọ yàrá tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà náà sára sátẹ́láìtì. Kò sí ọgbọ́n tó lè mú èyí kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá ti pín lọ́nà tó mọ́, tí ẹ̀rọ yunifásítì dá dúró gẹ́gẹ́ bí odindi, tí a lè dán wò láìṣí àwòrán inú sátẹ́láìtì náà nílẹ̀, ni ara máa ń tù jù.

Àkókò tún jẹ́ ohun mìíràn tí kò bára mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè dókítà ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fi ọdún méjì pẹ́, ó ti lọ kí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó sì ti kó ohun tó mọ̀ nípa kámẹ́rà náà lọ. Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà lè ti bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó bá wà nínú orí ènìyàn nìkan ni àìdúró yìí ń gbé lọ. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ yóò kù.

Níbi tí àjọṣe yìí ti dára jù lójú mi ni ìgbà tí sátẹ́láìtì bá ti wà lókè, tí wàhálà sì dé. Kepler, sátẹ́láìtì mìíràn tó wá plánẹ́ẹ̀tì, tí ilé-iṣẹ́ Ball Aerospace kọ́ fún NASA, tí wọ́n gbé lọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2009, wà lábẹ́ ìtọ́jú ilé ìwádìí LASP ti Yunifásítì Colorado, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti fi àṣẹ ránṣẹ́ sókè. Wíìlì mẹ́rin ló ní, mẹ́ta ló sì nílò láti dúró dáadáa. Ọ̀kan bàjẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2012. Èkejì bàjẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Ball ló mú ìmọ̀ràn wá pé, bí wọ́n bá kọjú sátẹ́láìtì náà sí ọ̀nà kan pàtó, ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀, tó ń ti ohun gbogbo díẹ̀díẹ̀, yóò máa tì í lọ́gbọọgba ní apá méjèèjì, wíìlì méjì tó kù á sì lè mú ìyókù dúró. Iṣẹ́ tuntun tó ti ibẹ̀ jáde, K2, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, kò sì dáwọ́ dúró títí epo fi tán ní ọdún 2018. Ìwé àdéhùn kan kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ máa ro irú èyí lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ọjà lé oníbàárà lọ́wọ́. Ó ṣẹlẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn náà ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti mọ ohun tí ẹnìkejì ń wá.

Ọ̀rọ̀ tó kù, tí kò tíì yanjú, ni ti ohun tí sátẹ́láìtì bá rí. Ohun tí TESS rí ni wọ́n ń gbé síta fún gbogbo ènìyàn láìfi àkókò kankan pamọ́ fún àwọn tó kọ́ ọ. Ní ti CHEOPS, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ, ìdá 20 sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé bèèrè. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ẹni tó sanwó: níbi tí àwọn yunifásítì ti fi owó àti ènìyàn tiwọn kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ti wá dé báyìí, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ń gba ipò olórí. Blue Skies Space, tí àwọn onímọ̀ láti University College London wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2014, ń ṣètò awò tí wọ́n pè ní Twinkle, tó máa fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 45, tí Airbus máa kọ́ ara rẹ̀. Yunifásítì tó bá fẹ́ lo àkókò rẹ̀ yóò san owó láti di ọmọ ẹgbẹ́. Ní Australia, Yunifásítì Sydney ni olórí ìwádìí Toliman, sátẹ́láìtì tó fẹ́ wá plánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alpha Centauri, àwọn ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù; owó àjọ aládàáni Breakthrough, ilé-iṣẹ́ Saber Astronautics àti ti EnduroSat ní Bulgaria ló sì pé jọ sórí rẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí ilé-iṣẹ́ ta àkókò awò, bí ó bá jẹ́ pé láìsí owó yẹn awò náà kò ní sí. Ohun tó yẹ kí yunifásítì bèèrè kó tó fọwọ́ sí i ni ìgbà tí ohun tó bá rí yóò di ti gbogbo ayé, àti ẹni tí yóò máa pa á mọ́ bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé.

Èyí kì í ṣe ìbéèrè lásán. Nígbà tí ìjọba Kánádà dáwọ́ owó MOST dúró ní ọdún 2014, sátẹ́láìtì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ MSCI, tó ti ra ẹ̀ka òfurufú Dynacon ní ọdún 2008, ló gbà á, tí wọ́n sì ń ta àkókò rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ tó lè sanwó, títí ó fi dákẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Bẹ́ẹ̀ ni awò tí yunifásítì ronú kàn, tí owó ìlú kọ́, ṣe lo ọdún márùn-ún ìkẹyìn rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣèwádìí sì di oníbàárà bí ẹnikẹ́ni mìíràn.